Ìdájọ́ Lórí Ìkarahun: Ìtàn Ìpínsísọ̀rí àti Ìṣàpèjúwe Ìgbín Òkun Àtijọ́ láti Grignon dé Ewékorò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ń pín ìkarahun ìgbín òkun àtijọ́ sí ìsọ̀rí, tí wọ́n sì ń ṣe àpèjúwe wọn, láti agbègbè Paris ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí dé Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé orúkọ tí onímọ̀ fún ìkarahun kì í ṣe àṣẹ tí kò ṣeé yí padà. Ìdájọ́ ni. Ìdájọ́ náà sì ṣeé tún gbé yẹ̀ wò níwọ̀n ìgbà tí ìkarahun tí a gbé orúkọ lé bá wà ní ìpamọ́, tí a sì mọ ibi àti ìpele òkúta tí a ti rí i. A fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé òkúta tí ó gbé ẹ̀rí náà ni a ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ǹtì.

1. Ìfáàrà

Láti ọdún 1960 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò, ní ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó, ni a ti ń fọ́ òkúta ẹfun ibẹ̀, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń fi í kọ́lé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ìkarahun ìgbín òkun wà lára ohun tí a lọ̀ pọ̀ di ògiri wọn. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta ẹfun yìí ti dì. Ní sáà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Paleocene, èyí tí ó bọ́ sí àárín mílíọ̀nù 66 àti mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, omi òkun bo ibi tí Ewékorò wà lónìí. Ìgbín òkun gbé inú rẹ̀, wọ́n kú síbẹ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì di òkúta.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Nínú òkúta, ìgbín ti lọ, ìkarahun nìkan ni ó kù. Báwo wá ni a ṣe lè mọ irú ẹ̀dá tí ó ni ín, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ìbátan, àti irú omi tí ó gbé inú rẹ̀? Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ ọ́ lórúkọ? Bí ẹni náà bá sì ṣì í sọ ńkọ́? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí yóò gbìyànjú láti dáhùn. Kí a tó dé Ewékorò, a ní láti kọ́kọ́ yà sí ilẹ̀ Faransé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìlànà tí a lò ní Ewékorò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

2. Ìgbín àti Ìkarahun nínú Ìmọ̀ Àwọn Yorùbá

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìpínsísọ̀rí jẹ́ àjèjì sí wa. Àwọn baba wa mọ ìgbín inú igbó yàtọ̀ sí ìṣáwùrú inú odò. Ọmọdé tí ó ti ta òkòtó rí mọ bí ìkarahun ṣe ń lọ́ yípo láti orí ṣónṣó títí dé ibi tí ó ti fẹ̀. Owó ẹyọ tí a ná fún ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá, ìkarahun ìgbín òkun ni.

Owó ẹyọ yìí wúlò fún àlàyé wa. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó èyí tí a kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa wá. Ní ọdún 1758, Linnaeus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, sọ ọ́ ní Cypraea moneta. Ọ̀rọ̀ Látìn tí ó jẹ mọ́ owó ni ó fi pe ẹ̀yà náà. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó òmíràn wá láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Èyí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní òrùka aláwọ̀ ìyeyè ní ẹ̀yìn. Linnaeus ti sọ òun náà ní Cypraea annulus. Lóde òní, inú ìdílé Monetaria ni àwọn onímọ̀ kó àwọn méjèèjì sí. Ohun méjì ni a rí kọ́ níhìn-ín. Èkíní, ẹni tí ń ná owó àti ẹni tí ń kọ ìwé lè rí ìyàtọ̀ kan náà lára ìkarahun, bí ìdí tí wọ́n fi ń wò ó kò tilẹ̀ papọ̀. Èkejì, orúkọ tí ẹni ńlá bí Linnaeus sọ pàápàá ṣeé tún ṣe.

3. Láti Ọ̀dọ̀ Linnaeus dé Ọ̀dọ̀ Lamarck

Ní ọdún 1669, Nicolaus Steno, ọmọ ilẹ̀ Denmark tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Florence, gbé ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé bí ohun líle ṣe ń wọ inú ohun líle mìíràn. Ó fi hàn pé ìkarahun tí a ń bá nínú òkúta jẹ́ ti ẹ̀dá tí ó ti wà láàyè rí, àti pé ìpele òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dì kí èyí tí ó wà lórí rẹ̀ tó dì. Láìsí èrò méjì yìí, ìkarahun inú òkúta kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Linnaeus ni ó wá pèsè ọ̀nà ìsọlórúkọ. Nínú àtẹ̀jáde kẹwàá ìwé rẹ̀ Systema Naturae, ní ọdún 1758, ó fún ẹranko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ alápá méjì. A lè fi apá kìíní wé orúkọ ìdílé, kí a sì fi apá kejì wé orúkọ àbísọ. Àwọn ìdílé tí ó bá tan mọ́ra ni a kó jọ sínú agbo-ilé kan, ọ̀pọ̀ agbo-ilé sì di àdúgbò tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àtẹ̀jáde yìí ni òfin ìsọlórúkọ ẹranko lágbàáyé ti ń ka ọjọ́ orí orúkọ títí di òní.

Ẹni tí ó mú ọ̀nà yìí wọ inú òkúta ní kíkún ni Jean-Baptiste Lamarck. Ní ọdún 1793 ni wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-sí ní Paris, láti máa kọ́ni nípa kòkòrò àti aràn, ìsọ̀rí tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò kà sí. Ní ọdún 1801, ó gbé ìwé jáde lórí àwọn ẹranko aláìní-eegun-ẹ̀yìn. Láti ọdún 1802 ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àpilẹ̀kọ lórí ìkarahun inú òkúta agbègbè Paris jáde. Grignon, tí kò jìnnà sí Versailles, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ìkarahun wọ̀nyí ti pọ̀ jù lọ. Sáà Eocene ni òkúta ẹfun ibẹ̀, ó sì kéré sí ti Ewékorò lọ́jọ́ orí. Irú òkúta ẹfun sáà náà ni wọ́n gbẹ́ láti fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilé ńlá Paris. Bí ilé wa ṣe jẹ òkun Ewékorò ní gbèsè ni ilé wọn ṣe jẹ òkun Grignon.

Ohun tí Lamarck ṣe tí ó mú iṣẹ́ rẹ̀ lágbára ni pé ó gbé ìkarahun inú òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ìkarahun ìgbín tí ó ṣì wà láàyè, ó sì fi orúkọ ìdílé kan náà pe àwọn tí ó jọra. Ní ọdún 1811, Georges Cuvier àti Alexandre Brongniart fi ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ka ìpele òkúta Paris. Níbi tí wọ́n ti bá ìkarahun ìgbín òkun, wọ́n ní òkun wà níbẹ̀ rí. Níbi tí wọ́n ti bá ti omi aláìníyọ̀, wọ́n ní odò tàbí adágún ni. Ìpele ti òkun àti ti odò sì ń gba ipò ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Gérard Paul Deshayes tẹ̀síwájú láti ibi tí Lamarck dé. Láàárín ọdún 1824 sí 1837, ó tẹ àpèjúwe ìkarahun agbègbè Paris jáde. Nígbà tí Charles Lyell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ń wá ọ̀nà láti to àwọn òkúta wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, Deshayes ni ó bá a ka iye ẹ̀yà tí ó ṣì wà láàyè nínú ìkarahun ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1833, Lyell pe èyí tí nǹkan bí 3.5 péré nínú 100 ẹ̀yà rẹ̀ ṣì wà láàyè ní Eocene; ìtumọ̀ rẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì ni òwúrọ̀ ohun tuntun. Ní ọdún 1874, W. P. Schimper yọ sáà Paleocene jáde láti inú rẹ̀, ewéko inú òkúta ni ó sì fi ṣe ẹ̀rí tirẹ̀. Ó hàn gbangba pé orúkọ sáà tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ jáde láti inú kíka ìkarahun. Bí orúkọ tí a fi pe àwọn ìkarahun náà kò bá péye, ìṣirò tí a gbé kà á kò lè péye.

4. Bí A Ṣe Ń Ṣe Àpèjúwe Ìkarahun

Àpèjúwe ní ìlànà tirẹ̀. A ó gbé ìkarahun náà dúró kí ṣónṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí wa. Bí ẹnu bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún, alọ́-sọ́tùn-ún ni. Bí ó bá wà ní ọwọ́ òsì, alọ́-sósì ni. Alọ́-sọ́tùn-ún ni ó pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí, a ó ka ìlọ́ rẹ̀. Ìlọ́ ńlá ìkẹyìn ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara ìgbín. Ibi tí ìlọ́ kan ti pàdé èkejì ni ojú ìpàdé. Ó lè jìn, ó sì lè má jìn.

A ó wo ẹnu bóyá ó rí róbótó tàbí ó rí bí oṣù lẹ́. A ó wo ètè òde àti ètè inú. A ó wo ìsàlẹ̀ ẹnu bóyá ó ní ọ̀nà tóóró tí ìgbín ń na ẹ̀yà ara ìfami rẹ̀ gbà. Òpó àárín ni gbogbo ìlọ́ yí ká. Bí ihò bá wà ní ìsàlẹ̀ òpó yìí, a pè é ní ìdodo. Lórí ara ìkarahun, a ó ya ìlà tí ó bá ìlọ́ yípo sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà tí ó gba àárín ìlọ́ kọjá láti òkè sísàlẹ̀. A ó wọn gíga àti fífẹ̀. Ní paríparì, a ó fi awò-amóhuntóbi wo orí ṣónṣó pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni ìkarahun ọmọ tuntun wà. Bí ìlọ́ rẹ̀ bá pọ̀, ó sábà máa ń fi hàn pé ọmọ ìgbín náà lúwẹ̀ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé méjì tí ó wọ́pọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Turritella: ìkarahun gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwo ẹtu, ìlọ́ rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń tóbi díẹ̀díẹ̀, ìlà tí ó bá ìlọ́ yípo hàn lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kéré, ó ṣe róbótó, kò ní ọ̀nà tóóró nísàlẹ̀, kò ní ìdodo. Natica: ìkarahun róbótó, ṣónṣó rẹ̀ kúrú, ìlọ́ ìkẹyìn sì gba gbogbo ara rẹ̀ tán, ara rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ rí bí oṣù lẹ́, ó sábà máa ń ní ìdodo ní ẹ̀gbẹ́ ètè inú. Ẹni tí ó bá ka àpèjúwe méjèèjì yìí kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, bí kò tilẹ̀ rí wọn rí. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n àpèjúwe tí ó dára. Èdè Yorùbá sì tó o ṣe.

Àmọ́ ìṣòro kan wà. Nínú òkúta ẹfun, ó wọ́pọ̀ kí omi yọ́ ìkarahun gan-an dànù, kí ó ku kìkì ẹrẹ̀ tí ó ti dì sínú rẹ̀. Ó dà bí ẹ̀kọ tí a bó ewé kúrò lára rẹ̀: ìrísí inú ewé hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ewé ti lọ. Àwọn ìlà tí ó wà ní òde ìkarahun ni a sì sábà fi ń mọ ẹ̀yà kan yàtọ̀ sí èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lórúkọ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó rí àti ohun tí kò rí.

5. Orúkọ Tí A Tún Ṣe: Àpẹẹrẹ Campanile giganteum

Ní ọdún 1804, Lamarck ṣe àpèjúwe ìgbín kan láti inú òkúta agbègbè Paris, ó sì pè é ní Cerithium giganteum. Orúkọ náà yẹ ẹ́, nítorí pé ìkarahun rẹ̀ lè gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Inú ìdílé Cerithium ni ó fi í sí nítorí gígùn rẹ̀ àti ìrísí ẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1884, wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dá ìdílé Campanile sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ilé ìṣọ́ alágogo.

Ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú ìdílé yìí ni ó ṣì wà láàyè, Campanile symbolicum, ní etíkun gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Ní ọdún 1981, Richard Houbrick tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó ti la ara ìgbín yìí wò. Ó fi hàn pé bí ìkarahun rẹ̀ tilẹ̀ jọ ti Cerithium, ẹ̀yà inú ara rẹ̀ yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè wà nínú agbo-ilé kan náà. Ìjọra òde kì í ṣe ìbátan nígbà gbogbo. Ẹ̀dá méjì tí kò tan lè ní ìrísí kan náà nítorí pé irú ìgbé-ayé kan ni wọ́n gbé.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ìpínsísọ̀rí gbogbo ìgbín lápapọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ìsọ̀rí ńlá mẹ́ta tí a gbé ka ẹ̀yà ara ìmí ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń lò. Iṣẹ́ W. F. Ponder àti D. R. Lindberg ní ọdún 1997, àti ti P. Bouchet àti J.-P. Rocroi ní ọdún 2005 tí a tún ṣe ní ọdún 2017, ti fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ṣì ń kọ́ni ní ètò àtijọ́ yẹ kí ó mọ̀ pé ìtàn ni òun ń sọ.

6. Láti Ameki dé Ewékorò

Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń la ojú irin gba ilẹ̀ Ìgbò kọjá, wọ́n gé òkè ní agbègbè Ameki, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Abia lónìí. Àwọn ibi tí wọ́n gé yìí ṣí ìpele òkúta sáà Eocene tí ó kún fún ìkarahun sílẹ̀. Ní ọdún 1922, R. Bullen Newton, òṣìṣẹ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-sí ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àpèjúwe ìkarahun sáà náà láti ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1957, F. E. Eames tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, ó sì ṣe àtúnṣe sí i. Ọdún márùndínlógójì ni ó wà láàárín ìdájọ́ méjèèjì. Ohun tí ó mú kí ìdájọ́ kejì ṣeé ṣe ni pé ìkarahun tí Newton lò wà ní ìpamọ́.

Ní ọdún 1964, H. A. Jones àti R. D. Hockey gbé ìwé jáde lórí òkúta apá kan gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi orúkọ Ewékorò pe ìpele òkúta ẹfun tí a ń sọ. Òkúta ẹfun sáà yìí kò mọ sí Ewékorò. A rí i ní Ṣágámù, ní Onigbolo ní ilẹ̀ Benin, àti ní Tabligbo ní ilẹ̀ Togo. Níbi gbogbo wọ̀nyí sì ni a ti ń wà á fún sìmẹ́ǹtì. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà kò sí nígbà tí òkun náà wà.

Ní ọdún 1977 ni iṣẹ́ O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà jáde lórí ìpele òkúta Ewékorò àti àwọn ẹ̀dá àtijọ́ inú rẹ̀. Ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lórí òkúta òkun agbègbè Coalinga ní California, èyí tí ó jáde ní ọdún 1969. Pàtàkì iṣẹ́ Ewékorò yìí kò mọ sórí iye orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀. Ó so àpèjúwe ìkarahun pọ̀ mọ́ àpèjúwe ìpele òkúta. Ó tún fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ yìí, láti yunifásítì ilẹ̀ yìí, lè jókòó sórí ìga ìdájọ́ tí Lamarck àti Newton ti jókòó.

7. Ohun Tí Ó Wà Nínú Ewu

Gẹ́gẹ́ bí òfin ìsọlórúkọ ẹranko lágbàáyé, orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan so mọ́ ìkarahun atọ́ka. Bí iyàn bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ ìkarahun atọ́ka ni a ó padà sí. Fún ẹ̀yà tuntun tí a bá sọ lórúkọ lẹ́yìn ọdún 1999, òfin náà béèrè kí onímọ̀ sọ èyí tí í ṣe atọ́ka ní pàtó àti ilé tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí.

Kí ni ìkarahun lè sọ bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa? Ó lè sọ bí òkun ṣe jìn tó, bóyá omi rẹ̀ níyọ̀, àti ìpele tí ó bá ìpele mìíràn dọ́gba lọ́jọ́ orí. Ó tilẹ̀ lè sọ ẹni tí ó pa á: àwọn ìgbín agbo-ilé Natica máa ń lu ihò róbótó sára ìkarahun mìíràn láti jẹ ẹran inú rẹ̀, ihò náà sì ṣì ń hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ṣùgbọ́n ìkarahun tí a ṣà láìkọ ibi àti ìpele tí ó ti wá sílẹ̀ dà bí ẹlẹ́rìí tí kò lè sọ ibi tí ó dúró sí nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹwà rẹ̀ lè wà, ẹ̀rí rẹ̀ ti lọ.

Àwọn kan lè sọ pé ilé ni a nílò, pé a kò nílò ìgbín tí ó ti kú. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí sìmẹ́ǹtì. Òkúta Paris náà di ilé, kò sì dí iṣẹ́ Lamarck lọ́wọ́. Ibi tí a ti ń gbẹ́ òkúta gan-an ni ó sábà ń ṣí ìkarahun payá. Ohun tí a ń sọ ni pé òkúta tí a bá lọ̀ lónìí kò ní padà wá lọ́la. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tún ìdájọ́ ọdún 1977 yẹ̀ wò, kò ní rí ògiri òkúta tí Adégòkè dúró síwájú rẹ̀ bí ó ṣe wà nígbà náà. Ìkarahun tí a tọ́jú, àkọsílẹ̀ tí ó bá a rìn, àti àpèjúwe tí a tẹ̀ jáde nìkan ni yóò ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó sún mọ́ ibi ìwakùsà wọ̀nyí máa bá àwọn tí ó ni ibẹ̀ ṣe àdéhùn láti ṣa ìkarahun lóòrèkóòrè. Kí wọ́n kọ ohun mẹ́rin sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí a ti rí i, ìpele òkúta, ọjọ́ tí a ṣà á, àti orúkọ ẹni tí ó ṣà á. Kí wọ́n sì béèrè fún àwòrán àti àdàkọ ìkarahun ilẹ̀ wa tí ó wà ní òkè òkun.

Fún àwọn olùkọ́ọ́ṣẹ́, iṣẹ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì láìná owó púpọ̀. Kí olùkọ́ kó ìkarahun ìgbín, ìṣáwùrú, òkòtó àti owó ẹyọ sílẹ̀. Kí ó pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ méjì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pín ìkarahun kan náà sí ìsọ̀rí, kí wọ́n sì gbèjà ohun tí wọ́n ṣe níwájú ara wọn. Ìgbà tí èrò wọn kò bá dọ́gba ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọn yóò ní láti padà sí ara ìkarahun láti wá ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe èyí kò ní máa há orúkọ Látìn sórí bí ọfọ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé láti Grignon dé Ewékorò, ohun kan náà ni ó gbé ìmọ̀ yìí ró: fífi ojú wò, fífi ọ̀rọ̀ tí ó péye sọ ohun tí a rí, àti títọ́jú ẹ̀rí kí ẹlòmíràn lè tún un wò. Deshayes tún ti Lamarck wò, Eames tún ti Newton wò, Houbrick sì fi ara ìgbín tí ó wà láàyè tú ìbátan tí ìkarahun nìkan ti fi hàn. Kò sí èyí tí ó tàbùkù ẹni tí ó ṣáájú nínú wọn. Àtúnṣe ni ọ̀wọ̀ tí ó ga jù tí onímọ̀ lè fún onímọ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni ìṣáájú kò kó ẹ̀rí pamọ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni láti rí i pé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ní ohun tí wọn yóò fi ṣe àtúnṣe tiwa.